Sítíkà Ìsìnkú Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ọkọ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán, ẹ̀yin náà sì mọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ sí òkú, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, èmi tí ẹ kọ́ lọ́kọ̀ wíwà ni mò ń fi í kó gàrí Màámi láti Lálúpọn lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ la ti ń jẹun. Lẹ́yìn ìsìnkú, bùọ̀dá mi mú ọ̀kan nínú sítíkà tí a tẹ àwòrán yín sí, èyí tí a pín fáwọn àlejò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀, níbi tí ọwọ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn wà. Ó ní kí ẹ lè máa bá wa ṣọ́nà. Màámi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Láràárọ̀, wọ́n máa ń kí yín kí wọ́n tó jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé ibi òkè, agbára tán nínú ọkọ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ títí kó lè sáré, ariwo lásán ló ń pa. Mẹkáníìkì bi mí bóyá iná tó máa ń kìlọ̀ fún ẹ́ńjìnnì ti tàn rí. Mo ní rárá. Ó fi èékánná ṣí etí sítíkà yẹn, iná náà sì ń tàn lábẹ́ àgbọ̀n yín. Ó ní púlọ́ọ̀gì kan ló kọ́kọ́ kú. Epo tí kò jó dáadáa wá ń ṣàn lọ sínú sáléńsà tí èéfín ń gbà jáde, ó jó inú ẹ̀ títí ó fi dí, ẹ́ńjìnnì ò lè mí mọ́. Ká ní a tètè rí iná yẹn ni, púlọ́ọ̀gì nìkan là bá pààrọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, tí ẹ ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bíi pé ọmọ ń sunkún níbẹ̀! Kí ló dé tí ẹ ò fetí sí àyà tó ń dùn yín? Ẹ ní ó rẹ̀ yín ni, ẹ mu àgbo, ẹ tún lọ sóko. Ta lẹ rò pé ó máa bá yín gbọ́ ọ? Èyí ló ń dùn mí jù, ju ti ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe tán, mo ní màá ṣí sítíkà náà kúrò. Bùọ̀dá mi ta kò mí. Màámi yíjú sí mi, wọ́n ní:

“Ṣé o fẹ́ sin bàbá ẹ lẹ́ẹ̀kejì ni?”



Mo ṣí i láàárọ̀ yìí. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ le, ojú yín fà ya sí méjì. Màámi gbé gàrí wọn sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n lọ. Mo jókòó sínú ọkọ̀ yín nídìí sítíárìn, ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, iná kankan ò tàn, kò sì sí ẹni tí màá gbé.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tínú ẹ̀ ò tíì rọ̀.