Opó Tí Mo Ń Gbé Bọ̀ Wálé

Tàmálé, Gánà,
Oṣù Kejìlá, 1969.

Ìyá ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Tàjùdéèn yín kò gbàwé kó tó kú. Ẹ̀rín ló máa ń rín: "Ta ní ń gbàwé kó tó gbé inú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́?"

Mo bẹ ọlọ́pàá tó wá lé wa pé opó ni mí, n kò gbọdọ̀ jáde nílé títí ọjọ́ opó mi yóò fi pé. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ lọ ṣe opó yín lórílẹ̀-èdè yín."

Mo ní, "Ṣé kí n gbé sàréè ọkọ mi dání ni?"

Ó kọjá sí ilé kejì. Mo ti fi òkúta yí sàréè náà ká lẹ́yìn ilé, kí ẹni tó bá kó wọlé má baà gbin àgbàdo lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá yàrá Tàjùdéèn sílẹ̀ fún mi, kí n lè parí opó mi níbẹ̀. Ẹ kí Safiyat àbúrò ọkọ mi àti gbogbo ará ilé. Kí wọ́n má fijó pàdé mi ní ìdíkọ̀ réluwé bí a ti ń pàdé ẹni tó ti Gánà dé. Kí wọ́n ṣe bí ẹni pé n kò jáde nílé rárá.

Èmi ni,
Ràfátù, ìyàwó yín.