Àtẹ́rígbà Fèrèsé Ìyá

Àdúgbò Plateau, Ṣábẹ̀ẹ́.

Bàbá Ọpẹ́yẹmí, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ Parakou. Ṣé ara yín le? Àwa ńkọ́, àlàáfíà ni. Lórí fóònù, ẹ ó ti dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Ìyá yín ti kọ̀ láti rìn, ògiri ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ń gbóhùn ènìyàn lọ́nà, n kò rójú ẹnikẹ́ni." Mo bá pinnu pé fèrèsé wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó gígùn ibùsùn wọn.

Ẹ̀gbọ́n yín Antoine ní ògiri á wó lu ìyá àwọn. Nígbà tí n kò gbà, wọ́n gbé pákó fífẹ̀ kan wá fún àtẹ́rígbà tí yóò gbé ògiri òkè fèrèsé. Rodrigue gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ́ ẹ sórí bíríkì méjì tó jìnnà síra tó ẹnu fèrèsé, ó gùn ún. Pákó tẹ̀ bí ọrun. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, ó tún gùn ún. Kò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gíga igi ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀. Èyí ṣì kéré. Ògiri àti òrùlé kì í sọ̀kalẹ̀ bí èmi."

Igi kan ṣoṣo ló ga tó, tó sì gùn débi tí yóò fi jókòó dáadáa lórí ògiri lọ́tùn-ún lósì: igi apá tí ẹ fi pamọ́ fún ilẹ̀kùn wa. Rodrigue wo ojú mi. Mo ní, "Gé e." N kò kábàámọ̀.

Wọ́n fi òpó ti òrùlé kí wọ́n tó lu ògiri, wọ́n sì gbé igi apá náà sókè fèrèsé. Ọjọ́ tí wọ́n yọ òpó, mo dúró tì wọ́n. Rodrigue na okùn sábẹ́ àtẹ́rígbà láti ìkángun dé ìkángun: kò tẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n yín fọwọ́ pa igi náà. Lónìí wọ́n ń sọ kiri pé, "Àwa la ṣe é." Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Awawou, ọ̀rẹ́ Ìyá wa láti èwe, ń ti àdúgbò Sakin bọ̀ pẹ̀lú iṣu lórí. Ìyá wa pè wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ wọlé, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Mo dúró lẹ́yìn, orí mi wú. Èmi ìyàwó ilé ni mo ní kí a ṣe é, ó sì dúró.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lájò. Ayọ̀ ni ẹ ó bá nílé.

Èmi ni ìyàwó yín,
Ìyábọ̀dé, ìyá Ọpẹ́yẹmí.

Ó ku ẹyọ kan: Ìyá ní kí ẹ ra ìborùn tuntun bọ̀ fún àwọn, nítorí gbogbo ìlú ló ń rí àwọn báyìí.