Igi Tí Mo Gbé Lé Orí Jáàkì

Oregun, Ìkẹjà,
Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje.

Olúwabùsáyọ̀, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú òjò. Abdulmumin awakọ̀ yín, tó wá gbé jíìpù yín wá bá mi níbí, sọ fún mi pé òjò Tàrábà ti ń gbé àwọn afárá kéékèèké lọ, àti pé ẹ ṣì ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ tí ọ̀nà abúlé wọn ti di ẹrẹ̀. Kí ara rẹ máa le, kí ibà má dá ọ dùbúlẹ̀. Àlàáfíà ni mo wà, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ìyá rẹ náà wà. Ó ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ òtútù wà ní ìsàlẹ̀ àpò aláwọ̀ ewé.

O bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé jáàkì wo ni kí ẹ yàn fún jíìpù yín, nítorí pé ọ́fíìsì ní kí ẹ fúnra yín yàn án. Nígbà tí n kò fèsì, o ní, “Dádì Oregun, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń ṣọ́ ohun èlò ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ jáàkì lásán ni mo bi yín, ẹ wá dákẹ́ bí ẹni tí mo ní kó bá mi wá ọkọ.” O rẹ́rìn-ín. Mo sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Ohun tó wà nídìí ìdákẹ́ yẹn ni mo jókòó láti kọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ, torí pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ tún ń gba ọ̀nà, bí o bá sì fi ìbínú ya lẹ́tà yìí ní ìdajì, wàá ti ka apá tó lè dá ẹ̀mí rẹ sí.

Nígbà tí Abdulmumin gbé jíìpù náà dé àgbàlá wa níbí, mo fi tépù wọn abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi sípíríǹgì gígùn àti táyà ńlá gbé e sókè, nítorí náà jáàkì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kò wúlò fún un mọ́. Bí táyà bá kún, ínṣì méjìlá ló wà láàárín ilẹ̀ àti irin róbótó gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí táyà bá jò, ó ku mẹ́sàn-án. Jáàkì tí kò bá lè wọ abẹ́ ínṣì mẹ́sàn-án, tí kò sì lè ga dé mẹ́rìndínlógún, ẹ má gbà á, bó ti wù kó máa dán tó. Èyí tí mo gbé fún Abdulmumin ga ní ínṣì mẹ́jọ ààbọ̀ nígbà tó bá jókòó, ó sì ń dé mẹ́tàdínlógún. Tọ́ọ̀nù mẹ́fà ló lè gbé. Jíìpù yín pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kò ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

Irin méjì wà nínú àpò kan náà. Àdápítọ̀ là ń pè wọ́n níbí. Èkíní tẹ̀ kòrókòró bí àwo. Orí jáàkì lẹ ó gbé e lé, ẹ ó fi bóòtù rẹ̀ dè é, irin róbótó abẹ́ ọkọ̀ yóò sì jókòó sínú rẹ̀, kò ní lè yí. Èkejì ní ojú gbọọrọ, ti egungun irin tó gùn lọ lábẹ́ ọkọ̀ ni. Ọkùnrin kan tó ń gé irin ní Ìlúpéjú ló bá mi ṣe wọ́n. Mo dá wọn padà lẹ́ẹ̀mejì torí pé ihò wọn kò bá orí jáàkì mu ṣinṣin, ó sì bi mí pé ṣé ọkọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ fi gbé ni. Irin pẹlẹbẹ fífẹ̀ tó tún wà níbẹ̀, abẹ́ ìdí jáàkì ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí kó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tún wà níbẹ̀, méjì: bí jáàkì bá ti gbé ọkọ̀ tán, orí àwọn yẹn ni kí ọkọ̀ dúró lé, kì í ṣe orí jáàkì. Kí ẹ tó gbé e rárá, ẹ fi òkúta dí àwọn táyà tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra jáàkì gíga onírin gígùn tó ń wu àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò. Ọwọ́ rẹ̀ a máa ta padà lu ènìyàn lágbọ̀n. Ẹ má sì gbé igi lé orí jáàkì láé. Igi kankan. Bí mẹkáníìkì bá ní kò séwu, tàbí wòlíì bá ní kò séwu, ẹ má gbà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ nígbà tí Láolú kú. Wọ́n sọ fún ọ pé jíìpù ìjọ ló já lù ú, àti pé ọwọ́ ayé ló tì í. Òótọ́ ni pé jíìpù já lù ú.

Àwọn ará ìjọ wa ní Agége ló jọ ra jíìpù náà kí wọ́n lè máa fi lọ sí òkè àdúrà ní apá Èkìtì, níbi tí ọkọ̀ kékeré kò lè dé. Tòkunbọ̀ ni, òun náà ga bíi tiyín. Bàbá rẹ ni wọ́n fi ṣe awakọ̀ rẹ̀, torí pé iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ló ń ṣe ní Ìlúpéjú. Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun síwájú pẹpẹ, wọ́n to ohun èlò rẹ̀ lé e: sípánà, táyà àfirọ́pò, àti jáàkì kan tí Alàgbà Bọ́dúndé yọ nínú ọkọ̀ kékeré tiwọn láti fi ta ìjọ lọ́rẹ. Wọ́n ta òróró sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí. O mọ ìlànà ìjọ wa: ohun tí òróró bá ti kàn níwájú pẹpẹ, a kì í fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí ìsìn ti parí, mo sún mọ́ Alàgbà, mo rọra sọ fún wọn pé, “Bàbá, jáàkì yìí kò ga tó. Pẹrẹsẹ ni orí rẹ̀ náà, kò bá abẹ́ ọkọ̀ mu.” Wọn kò rọra fèsì. Wọ́n ní, “Ọláwọlé, ìwé tó ò ń kà yìí ti ń pọ̀ jù fún ọ. Ṣé kí n padà lọ sọ fún Olúwa pé Ó ti ta òróró sí èyí tí kò dáa?” Gbogbo àwọn tó dúró yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ gbá mi léjìká, ó ní, “Wọlé, bí áńgẹ́lì bá yọ sí ẹ, wàá ní kó dúró ná, kó o wo iye tọ́ọ̀nù tí ìyẹ́ rẹ̀ lè gbé.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Jáàkì tó yẹ ọkọ̀ náà wà níbi iṣẹ́ mi, mo kàn máa nawọ́ mú un ni. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní aláìnígbàgbọ́, pàápàá jù lọ torí pé èmi fúnra mi kò mọ̀ bóyá mo gbàgbọ́. Mo wá ta ọgbọ́n kan: a kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ jáàkì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní a kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún un. Mo gé igi kan lára pákó tí wọ́n fi ń kó ẹrù wá sí Oregun, ínṣì márùn-ún ní gíga, mo gbẹ́ ojú rẹ̀ kó tẹ̀ díẹ̀ fún irin abẹ́ ọkọ̀, mo dán an títí kò fi gún ọwọ́ mọ́. Láolú yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, “Káfíńtà Násárétì!” Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e wọ́n ta òróró sí igi náà, ó sì mu ún títí ó fi ń dán. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Oṣù méje ni igi náà fi ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan lẹ́yìn òjò, bàbá rẹ gbé jíìpù náà sókè nínú ọgbà ìjọ, ó tú táyà ẹ̀yìn kan, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láti wo ibi tí bíréèkì ti ń jò. Ilẹ̀ rọ̀. Ìdí jáàkì rì díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó: igi náà yọ̀ kúrò lábẹ́ irin, ó là sí méjì. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe balẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohùn Láolú rárá. Nígbà tí mo fi dé, àwọn ọkùnrin ti fi ọwọ́ gbé ọkọ̀ náà kúrò, wọ́n ti fi aṣọ àdúrà bo bàbá rẹ. Ìyá rẹ jókòó sínú ẹrẹ̀, fìlà bàbá rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bùsáyọ̀, ìyá rẹ kọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Igi náà ni mo wá. Mo rí i ní apá méjì, mo tì í sínú báàgì mi, kí n tó wá kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ. Lọ́jọ́ kejì mo jù ú sí gọ́tà.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò, jáàkì nìkan ni wọ́n bá, kò sẹ́ni tó béèrè igi, kò sì sí ohun tó ṣe jáàkì. Alàgbà ní ohun tí òróró ti kàn kò lè ṣubú lásán, ẹnì kan ló tì í. Kí a tó sin bàbá rẹ, wọ́n ti mọ ẹni náà: Fọláyọ̀, àbúrò bàbá rẹ lóbìnrin ní Ìkéré, torí pé òun àti bàbá rẹ jà lórí ilé bàbá wọn lọ́dún yẹn. Ó wá síbi ìsìnkú. Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Obìnrin kan pariwo lé e lórí pé, “O ti jẹ ẹ́ tán, egungun lo tún wá kó?” Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo dúró sí. Ó wò mí, ó ní, “Bọ̀dá Wọlé, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ̀yin náà gbà á gbọ́?” Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bá àwọn yòókù wọlé.

Ìròyìn náà tẹ̀ lé e dé Ìkéré. Ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni, àwọn òbí kò jẹ́ kí ọmọ wọn jókòó sí kíláàsì rẹ̀ mọ́. Nígbà tí o wọ yunifásítì, ó fi àpò ìwé kan ránṣẹ́ sí ọ. O kò rí i, torí pé ìyá rẹ bẹ̀rù, ó ní kí n lọ dá a padà. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ dá a padà.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá òróró ló mú igi náà yọ̀, tàbí òjò, tàbí ọwọ́ mi tó gbẹ́ ẹ. Mo ti ka ìwé àwọn tó ní ohun gbogbo ti wà lákọsílẹ̀ kí a tó bí wa. Mo ti ka ìwé àwọn tó ní kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan. N kò mọ èwo ni òtítọ́ nínú wọn. Ohun tí mo mọ̀ kéré: mo mọ bí igi náà ṣe ga tó, mo mọ ibi tí mo ti gé e, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ náà Fọláyọ̀ wà ní Ìkéré, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjọ ní jíìpù.

N kò kọ̀wé láti bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Bóyá ó máa dé, bóyá kò ní dé. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé yìí ni mo fẹ́ kí o pè. Ti Fọláyọ̀ ni. Mo pè é lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ. Ó wá ní, “Ọdún mọ́kànlá, Bọ̀dá Wọlé. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi jẹ́ kí n jẹ́ àjẹ́.” Ó pa fóònù.

Kí ilẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ bá dúró lé máa gbà á. Kí ohun tí o bá fara tì má yẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Kí àwọn ọmọ tí o ń gún lábẹ́rẹ́ dàgbà, kí wọ́n sì máa fi orúkọ rẹ sọ ọmọ tiwọn. Kí o pẹ́ láyé ju bàbá rẹ lọ, kí o pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ,
Ọláwọlé.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ láàárọ̀ yìí kí n tó lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Kò sunkún. Ó bi mí pé gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo fi ń jókòó sórí àga ọkọ òun jẹun, ṣé oúnjẹ náà ń gba ọ̀fun mi lọ? Mo ní ó ń lọ. Ó ní, “Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Jáàkì náà dáa, ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má wá lọ́jọ́ Àìkú mọ́.” Lẹ́yìn náà ó lọ bá Abdulmumin lẹ́bàá ọkọ̀, ó bi í bóyá ó lè já òun sí Àkúrẹ́, kí òun ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ Ìkéré. Aṣọ méjì péré ló dì. Mo ní kí n bá a gbé àpò náà dé ìdí ọkọ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi.