Bí A Ṣe Sọ̀ Kalẹ̀ Láti Orí Òkè Mambila, Tí A Sì Ń Múra fún Odò Ọya

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Adégbọlá,
                                        Ìpọ̀nrí, Sùúrùlérè,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1975.

Àríkẹ́ mi àtàtà,

O kú ilé o, o sì kú ooru tó ń mú yìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Theophilus ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà yẹn? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ikọ́ tó ń bá Màmá fínra nígbà ọyẹ́, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Mò ń bèèrè lẹ́sẹẹsẹ nítorí mo mọ̀ pé bí mi ò bá bèèrè, ìwọ kò ní kọ ọ́. Lẹ́tà tìrẹ kì í kọjá ojú ìwé kan.

Ní tèmi, ara ti le. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹní ni wọ́n fi gbé mi wálé. Irọ́ ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n gbé mi gùn, kò sì ju ọjọ́ méjì lọ. Fìdí mọ́lẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

O mọ̀ pé ọdún méjìlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Yábàá. Mò ń ya òkè, mò ń ya odò sójú pátákó, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi kò rìn kọjá ọ̀dọ̀ rẹ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìsinmi ọdún kan ní ìparí ọdún tó kọjá, pé n óò fi rìn yí ilẹ̀ wa ká. Lateefat ní òun á bá mi lọ. O rántí rẹ̀, ayafọ́tò ará Muṣin tó ya fọ́tò níbi ìsìnkú Bàbá mi, obìnrin gíga tó ń rìn bí ṣọ́jà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní òun fẹ́ ya ohun tí kì í jókòó sórí àga kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kámẹ́rà.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. A dé Kánò, a dé etí adágún Ṣáàdì, níbi tí mo ti rí ẹja tó ga tó àwọn ìbejì rẹ. A wọ ọkọ̀ ojú irin, a wọ lọ́rí, a sùn nílé àwọn tí kò mọ̀ wá rí, wọ́n sì ṣe wá lóore. Òkè Mambila ló kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ẹ̀bi mi ni. Mo ra bàtà aláwọ tuntun ní Jọ́ọ̀sì lẹ́yìn Ọdún Tuntun, kò sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ta ní í fi bàtà tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ ẹni gun òkè ọlọ́jọ́ mẹ́ta? Èmi tíṣà ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú, gìgísẹ̀ mi méjèèjì ti bó. Mo fi áńkáṣífù dì í, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Lateefat bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ní rárá. Lọ́jọ́ kejì ó tún bi mí, mo ní ó kàn rẹ̀ mí ni. Ojú ló ń tì mí, Àríkẹ́. Èmi ni mo pilẹ̀ ìrìn àjò náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé ó tó?

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá Fúlàní tó ń fọ̀nà hàn wá ní kò ju wákàtí kan lọ mọ́ tí a ó fi dé ṣóńṣó. Ọ̀nà náà tóóró, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ òsì wa, ìkùukùu sì ń kọjá nísàlẹ̀ bí òwú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kọ̀, mo yọ̀. Lateefat tó wà lẹ́yìn mi na ọwọ́ gbá mi mú láṣọ. Níbi tó ti ń fà mí padà ni àpò kámẹ́rà ti bọ́ léjìká rẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń gbá òkúta lọ sísàlẹ̀, títí a kò fi gbọ́ nǹkan mọ́. Gbogbo fíìmù oṣù méjì wà nínú rẹ̀.

Lateefat kúnlẹ̀ tì mí. Ó bọ́ bàtà mi, ó wo ẹsẹ̀ tó ti wú tó sì ń ṣọyún, ó wo ojú mi, ó sì di ẹrù mi mọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ la ti ṣẹ́rí padà. Láti orí òkè náà títí a fi dé Ìddó, odindi ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kò ju “jẹun” àti “lo oògùn rẹ” lọ. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó pe takisí fún mi, ó kó ẹrù mi sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Muṣin.

Màámi kò bú mi. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ń gun òkè bí ewúrẹ́. Ó dáa. Wá gun bẹ́ẹ̀dì wàyí.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo sì fi gùn ún. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ki ẹsẹ̀ mi bọ omi gbígbóná oníyọ̀, nọ́ọ̀sì àdúgbò wa sì ń wá fọ egbò. Èékánná méjì bọ́. Ẹ̀kọ mímu kò tán lẹ́nu mi. Mo ti rò pé ìsinmi kì í ṣe iṣẹ́, àṣé ó le ju òkè lọ! Lọ́sẹ̀ kìíní mo sùn bí ẹni tó kú. Lẹ́yìn náà ara ń yún mi láti dìde, etí mi sì ń gbọ́ ariwo àpò yẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí ọkàn mi tó rọlẹ̀. Mò ń jókòó sí fàráńdà, mò ń wo àwọn èèyàn tó ń ná ọjà Ìpọ̀nrí, mo sì ń kọ ohun tí a rí sínú ìwé, abúlé kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń rí i pé kò sí ìtàn kan tí n óò sọ tí Lateefat kò ní sí nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi gba sálúbàtà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Muṣin. Ó wà nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi jáde, mo ní mo wá tọrọ àforíjì nítorí kámẹ́rà.

“Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kọ́,” ló wí. “Mo lè ra òmíràn. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Mobọ́lá. O wò mí lójú, o parọ́ fún mi.”

Mo ní òótọ́ ni, mi ò ní àwíjàre kankan.

Ó ń nu ọwọ́, ó ń nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ti gbẹ tipẹ́. Ó wá ní, “Kí ni mò ń fi pamọ́ gan-an? Mo rí i pé ò ń tiro. Àtọjọ́ kejì ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ya fọ́tò láti orí ṣóńṣó yẹn, ni mo bá ṣe bí ẹni tó gbà ọ́ gbọ́. Ara mi ni mò ń bínú sí. Ìdí tí mi ò fi lè wá wò ọ́ nìyẹn.”

Àríkẹ́, mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó bu ìrẹsì, a jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, kí a sì tó jẹ ẹ́ tán, a ti ń sọ̀rọ̀ Odò Ọya.

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò, nítorí náà a kò fẹ́ kánjú lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn oníṣòwò kan ló fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa láti Lọ́kọ́ja lọ sí Oníṣà. A ti ra bàtà kánfáàsì, òun la sì ń wọ̀ rìn láràárọ̀ láti Ìpọ̀nrí dé Yábàá, kó lè mọ ẹsẹ̀ wa. A fẹnu kò pé a ó máa fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ méjì-méjì, ìbáà ṣe pé ara yá wa. A tún ní kí kálukú máa sọ ibi tó ń dùn ún kí ó tó jẹun alẹ́. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni yóò gbé ẹrù ẹnìkejì ní ọjọ́ kejì.

Èyí tó kù ni omi. Àwa méjèèjì kò lè lúwẹ̀ẹ́, ọmọ Èkó pọ́ńbélé! Àǹtí Àrìnpé tó ń yan ẹja ní Òtò, tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà, ló gbà láti kọ́ wa. A ó di ìró mọ́yà, a ó wọ omi, àwọn èèyàn á sì dúró máa fi wá ṣe ìran wò. “Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá omi jà,” ni Àǹtí máa ń wí, “omi ò bá yín jà.” Ní Ọjọ́bọ̀, mo léfòó. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja lórí omi, etí mi wà lábẹ́ rẹ̀, mò ń wo ojú ọ̀run, ohun gbogbo sì dákẹ́.

Lánàá ni Àǹtí fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ síbi tí ẹsẹ̀ kì í kanlẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Lateefat bọ́ tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Lateefat tó gun orí lọ́rí tó ń sáré nítorí fọ́tò! Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ti ń retí kó ní kò sí nǹkan, kó ní òtútù ni. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Mobọ́lá, ẹ̀rù omi yìí ń bà mí. Mi ò tíì lè lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mo fọwọ́ wa omi títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi náà di etí ọkọ̀ mú. Mo ní kò burú, Odò Ọya kò ní gbẹ dè wá. A wà níbẹ̀ pẹ́, a dì mọ́ ọkọ̀ bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí Àrìnpé fi bèèrè bóyá mo ti mu omi ọ̀sà yó ni.

A ti ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀ pé ó di oṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, ilé la ó ti ṣe Ọdún Àjíǹde. Kó àwọn ìbejì wá, ààyè ń bẹ. Bá mi kí Theophilus, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Màámi ní kí n kí ọ. Lateefat náà ń kí ọ, ó ní òun kò tíì rì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ti ń léfòó,

Mobọ́lá.