Erùpẹ̀ Oko Kò Gba Béèlì Àbúrò Rẹ

Rísíkàt, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àwa náà wà ní Ushafa níbí, orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, àgbàdo ti tó ya, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ara rẹ̀ gbà á láti lọ ya á.

Titus, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì nítòsí wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Òun náà ló fi fóònù rẹ̀ kọ̀wé sí ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní àmì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà ti di búlúù, ìyẹn ni pé o ti kà á. Mo ní búlúù kì í ṣe ẹnu, kó lọ mú bébà wá.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí àbúrò rẹ Abdulqoyum ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ìwọ́de ọ̀wọ́n oúnjẹ. Mo ti ní kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Karmo kó máa ránṣọ rẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ ti jókòó tó fún gbogbo wa. Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Lọ́dún tí wọ́n fagi lé ìbò tí a tò nínú oòrùn dì, èmi ni mo sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ká má wọ́de, ká lọ kọ ebè.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ gba béèlì rẹ̀. Ọlọ́pàá ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo ní ilẹ̀ ní Àbújá. O mọ̀ pé nígbà tí bàbá àgbà Gbagyi, onílẹ̀ ibí, fún mi nílẹ̀ oko wa, erùpẹ̀ ló bù sí mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo abúlé, ó ní ìwé mi nìyẹn. Nítorí náà mo bu erùpẹ̀ oko, mo dì í sínú aṣọ funfun, mo gbé e lé orí tábìlì ọlọ́pàá náà lọ́jọ́ kejì. Ó ní, kai, Baba, ṣé ẹ fẹ́ gbin iṣu sí àgọ́ wa ni? Mo ní tó bá fẹ́ jẹ iṣu, kó kọ́kọ́ tú ọmọ mi sílẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó na fọ́ọ̀mù sí mi pé kí n buwọ́ lù ú, mo na àtàǹpàkò. Ó ní àtàǹpàkò kò tó, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè buwọ́ lùwé ni kí n mú wá. Mo ní nígbà ìbò, ẹ̀yin lẹ máa ń fi tàdáwà kùn ún, ó sì máa ń tó. Ó fa fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà. Ó ti rẹ̀ mí, Rísíkàt. Wọ́n jẹ́ kí n rí àbúrò rẹ díẹ̀, ó ti gbẹ, ó ń bèèrè rẹ. Mo parọ́ fún un pé o ti ń bọ̀.

Mo mọ ohun tó dí ọ lẹ́nu. O rò pé tí orúkọ rẹ bá wọ fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n á lé ọ níbi iṣẹ́. N kò lè búra pé wọn kò ní lé ọ. Èmi náà bẹ̀rù nígbà kan, wo ibi tó gbé àbúrò rẹ dé.

Lọ́jọ́bọ̀ màá tún lọ. Bá mi fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, tèmi àti ti Titus, pẹ̀lú owó gaàrí àti ọṣẹ fún àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n tí o bá máa wá fúnra rẹ, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, màá fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀gá, á ṣọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀gá, ilẹ̀ tí a bí ọ sí kò ní kọ̀ ọ́. Titus ní kí n tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé yìí, mo ti tẹ̀ ẹ́. Wò ó dáadáa, àpá àdá ọjọ́sí wà lára rẹ̀, ìwọ lo fi ewé dì í fún mi nígbà tí o wà ní kékeré. Ìwọ má sọ pé kò tó.

Èmi bàbá rẹ,
Jàbárù