Ìyà Tí Mi Ò Jẹ

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé rédíò dé. Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe já wa sí Èbúté Ìkòròdú ni àwọn tó ń kó iyanrìn bẹ̀rẹ̀ ariwo: "Ẹja Ńlá! Ẹja Ńlá!" Orúkọ tí mò ń jẹ́ nínú fíìmù nìyẹn, níbi tí mo ti ń ta ẹja. Ká sòótọ́, mi ò ta ẹja rí láyé mi. Kí n ha ìpẹ́ ẹja gan-an, ìyọnu ni.

Nígbà tí à ń lọ ni máníjà mi, Jẹ̀lílì — Ọ̀gá Ariwo — ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà ẹ̀. Ó ní mo nílò ìyà. Pé gbogbo òṣèré tó lórúkọ ló ní ìyà tirẹ̀ tó ń sọ kiri: ẹnì kan sùn lábẹ́ bíríìjì, ẹnì kan mu gààrí láìsí ṣúgà. "Ìwọ ńkọ́? Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Poli tó o ṣe yanjú. Ta ló máa sunkún fún ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bi mí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi kàn ń lọ ni. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi níléèwé. Mo ní mi ò ju kíláàsì kẹta lọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, pé ẹja ni mò ń kiri ní Ẹ̀pẹ́. "Ìwé kọ́ ló gbé mi débí." Ọkùnrin náà nu ojú. Mo tún rẹ́rìn-ín, bí ẹni tójú ń tì. Tẹlifóònù ò dákẹ́ mọ́.

Tíṣà kì í gbọ́ rédíò yẹn. Bàbá mi nìyẹn — gbogbo Agbówà ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí. Mo gbà pé wọn ò gbọ́.

Ọjọ́rú, 7

Ó ti kárí ayé. Wọ́n gé ibi tí mo ti ní "Ìwé kọ́ ló gbé mi débí," wọ́n fi orin sí i. Àwọn ọmọ kéékèèké ń di gèlè bíi tèmi, wọ́n ń sọ ọ́ lórí fóònù. Ilé-iṣẹ́ oníìpara kan ti pe Jẹ̀lílì. Ọ̀gá Ariwo ń jó káàkiri pálọ̀ mi. Èmi? Ojú ń tì mí, mo sì mọ ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Tíṣà ò pè. Ọjọ́ Ẹtì kan kì í kọjá kí wọ́n má pè.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Mo lọ sí Agbówà. Ìkòròdú níbí la gbé nígbà tí mo ń kàwé. Lẹ́yìn tí Tíṣà fẹ̀yìn tì ni wọ́n lọ kọ́lé sọ́hùn-ún. Wọn ò jókòó lásán náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe Wáẹ́kì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé.

Mo béèrè Ṣùkúrátù, ọmọ ilé kejì, tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Ẹja Ńlá sórí. Òun ló mọ̀wé jù nínú wọn.

"Kò wá mọ́," ni Tíṣà wí. "Ó ní òun ò ṣe Wáẹ́kì."

Ìyá ẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi lẹ́nu géètì. Ọmọ náà dìde láàárín kíláàsì, ó ní: "Tíṣà, ọmọ yín gan-an ò kàwé, òun ló sì ń gbé mọ́tò wá kí yín. Ẹ ò rán òun lọ, kí lẹ wá ń dà wá láàmú sí?" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Tíṣà dákẹ́. Tíṣà, tí àṣìkọ kan ò lè kọjá lójú wọn!

Mo padà wọlé. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́ fún un?"

Wọn ò wojú mi. "Kí n ní ọmọ mi parọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo wo ògiri pálọ̀. Ìwé-ẹ̀rí mi, tí wọ́n fi férémù sí lọ́jọ́ tí mo gbà á — wọ́n ti yọ ọ́. Ojú ibi tó wà ṣì mọ́ ju ògiri tó kù lọ. Abẹ́ ibùsùn ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, kí àlejò má baà rí i, kó má di pé irọ́ mi tú. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Mo sọ fún Ọ̀gá Ariwo pé mo fẹ́ padà sí rédíò lọ jẹ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní wọ́n á pè mí lópùrọ́, iṣẹ́ ìpara á sì lọ. Kí n jẹ́ kí àwọn oníìpara fọwọ́ síwèé ná.

Mo ní kò burú. Èmi! Mo ní kò burú!

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Wọn ò tíì fọwọ́ síwèé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá Ṣùkúrátù pè mí: "Ìbídùn, jọ̀ọ́, bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ tó ò rí ilé-ìwé lọ, sọ fún un bó ṣe dùn ẹ́ tó."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Mo yọ ìwé-ẹ̀rí lábẹ́ ibùsùn Tíṣà, mo gbé e lọ bá Ṣùkúrátù àti ìyá ẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ìyá ẹ̀ jókòó. Ọmọ yẹn ní tiẹ̀ wo ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ta ni ò mọ̀ pé wọ́n ń ta eléyìí? Tíṣà ni ẹ ò fẹ́ kójú tì, àbí?" Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Mo mọ ìyà tí ẹ jẹ. Mo máa ń sunkún tí mo bá ti gbọ́ ọ."

Ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Lórí ìyà tí mi ò jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Mi ò sọ fún Jẹ̀lílì. Mo ṣe fídíò, mo sọ òótọ́, mo gbé e síta. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹja Ńlá, fíìmù tuntun ti ń bọ̀ nìyẹn!" Wọ́n rò pé eré ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Mo ti Ìkòròdú gbéra ní kùtùkùtù. Mo fun fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì wọn. Ṣùkúrátù sáré jáde — ankárá, gèlè Ẹja Ńlá, báàgì ńlá lọ́wọ́. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ẹ máa wá mú mi lọ ṣe fíìmù!" Ìyá ẹ̀ gba ẹ̀yìn, wọ́n rọra fi yunifọ́ọ̀mù sórí ìjókòó.

Ó bi mí bóyá ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀ lọ sí Èkó. Mo kàn rẹ́rìn-ín sí i, bí mo ṣe rẹ́rìn-ín ní rédíò gẹ́lẹ́. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ Ẹja Ńlá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Nígbà tí mo yà sí ọ̀nà ilé-ìwé, ó dákẹ́.

Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé bí wọ́n ṣe máa ń wà lọ́dọọdún, bírò àti rúlà lọ́wọ́ fún ọmọ tó bá gbàgbé tiẹ̀. Ṣùkúrátù wò wọ́n. Ó wò mí.

"Ẹ tún parọ́ fún mi."

Tún. Ó ti wá gbà mí gbọ́ nìyẹn. Ìwé-ẹ̀rí yẹn, gbogbo ẹ̀.

Ó tú gèlè, ó jù ú sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó wọ yunifọ́ọ̀mù lé ankárá lórí. Ó kúnlẹ̀ fún Tíṣà, ó gba bírò, ó wọlé. Kò kí mi.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ Tíṣà níbẹ̀. Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà ti rí mi. Wọ́n ya bò mí. "Ẹja Ńlá! Ìwé kọ́ ló gbé wa débí!"

Tíṣà ò gbóhùn sókè. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ máa lọ, pé mò ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Mo wọ mọ́tò, mo lọ.