Wáìnì Tí Mo Dà fún Màmá Àgbà

                              Ilé Bàbá Àgbà,
                              Abúlé Vardeti,
                              Kakheti, Georgia.
                              Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Igbe

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Nestani,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ariwo ìlú ńlá. Ṣé ẹsẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ wá sí ìrántí Màmá àgbà ti fúyẹ́? Tamuna kékeré ńkọ́? Àwa náà wà. Gbogbo igi ti tanná funfun, à ń rìn kiri abúlé bí ẹni tó ń lálàá.

Ẹ ò tíì gbọ́ òfin tuntun. Guram, ọmọ aládùúgbò wa, ló mu wáìnì yó, ó wá lọ sùn sínú ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò wáìnì ńlá tí a rì mọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ti fọ̀ kalẹ̀. Okùn la fi fà á jáde. Ó yè, ọpẹ́ ni. Bàbá wa bá ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún ò gbọdọ̀ mu wáìnì. Ẹni tó bá mu ún, kò sí ìjókòó fún un nídìí àsè fún odidi ọdún. Bàbá àgbà fárígá, wọ́n ní láti ìgbà wo la ti ń fomi ọsàn rántí òkú. Èmi náà gbìyànjú: mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fohùn Bàbá àgbà pàṣẹ pé kí wọ́n bu ife kan fún èmi Malkhaz. Bàbá wa ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Bàbá mi kì í fimú sọ̀rọ̀. Wọlé wá, aláwàdà."

Àná la ṣe ìrántí ọ̀hún. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ Màmá àgbà ni mo dàgbà sí. Mi ò fẹ́ kí ìrántí wọn kọjá kí n má lọ́wọ́ sí i. Bàbá àgbà, olórí àsè, dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrántí, wọn ò lè parí rẹ̀. Ni wọ́n bá na ife wáìnì sí mi lójú gbogbo èèyàn pé kí n parí ọ̀rọ̀ náà. Mo wo Bàbá wa. Àwọn náà wò mí.

Ohùn Màmá àgbà ló jáde lẹ́nu mi, bí wọ́n ṣe ń pè wá wọlé nírọ̀lẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ adìyẹ mi, ilẹ̀ ti ń ṣú o." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nujú. Mo wá da wáìnì sórí búrẹ́dì bí a ti ń dà á fún òkú, ṣùgbọ́n mi ò kán díẹ̀ sí i kí n mu ìyókù bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Mo dà á tán pátápátá. Bàbá àgbà ní ó dáa, ìyàwó àwọn ti mu tirẹ̀, ó sì ti bá mi mu tèmi.

Búrẹ́dì náà wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú níwájú mi. Mo nawọ́ sí i, mo ń rò ó lọ́kàn pé mímu lòfin kà léèwọ̀, kò dárúkọ jíjẹ. Bàbá wa rọra fa àwo náà sọ́dọ̀ ara wọn.

"Jíjẹ náà wà níbẹ̀, Malkhaz."

Wọ́n wá sún, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, láàárín àwọn àgbà.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì gbé Tamuna mọ́ra fún mi.

Èmi àbúrò yín tí ojú rẹ̀ ṣì dá,
Malkhaz